Iṣẹ́ Tí Àwọn Òbí Rán Alidou

Alidou kì í ṣe olè, kò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí. Àléébù tirẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn iyì ara rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán an, kì í jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe fi rán an, àfi kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò bu iyì kún òun.

Ní abúlé rẹ̀, tó wà lẹ́yìn ìlú Alafiarou ní ilẹ̀ Benin, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ Faransé dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ láti ìlú Tchaourou pé kí aṣojú òbí wá sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ abúlé kọ̀ọ̀kan nílò jù lọ, kí àwọn lè fi í sínú ètò ọdún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ẹlòmíràn ló yẹ kó lọ.

Àwọn òbí kọ́kọ́ pàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Baba Àkàndé ní àga ni kí wọ́n béèrè. Ẹlòmíràn ní ọ̀dà ni, kí wọ́n fi kun ilé. Nígbà náà ni Oumou-Kalsoum, opó kan tó ń yan gàrí tà, dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní ṣáláńgá. Inú oko kajú ni àwọn ọmọbìnrin wa ń sá lọ. Àwọn tó ti ń dàgbà ń tijú, wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ejò sì wà níbẹ̀. Kí ni ọmọ fẹ́ fi àga ṣe, bí kò bá ríbi ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Baba Àkàndé fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àga. "Tonton Alidou, ṣáláńgá ni kí ẹ sọ o," ni wọ́n wí; Tonton, bí ẹni pe bàbá kékeré, ni gbogbo abúlé ń pè é. Alidou ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó wọ agbádá funfun tó le gbagidi. Gbọ̀ngàn kún, wọ́n ń ya fọ́tò, ìyáàfin kan tó jẹ́ ọ̀gá sì jókòó níwájú. Aṣojú abúlé kan béèrè iná oòrùn. Òmíràn béèrè ilé ìkàwé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó kan Alidou, ojú tì í. Ó wò ó pé òun, nínú agbádá tó ń tàn báyìí, kò lè máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì. Ó rántí òwe tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n ó fi tan ara rẹ̀.

"Madame, géètì ńlá la fẹ́," ló wí, "tí wọ́n kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa sí lára."

"Ṣé ohun tí àwọn òbí fẹnu kò sí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Nígbà tó délé, ó ní òun sọ ti ṣáláńgá, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Àwọn òbí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn bíríkìlà dé, wọ́n kọ́ géètì. Ó rẹwà lóòótọ́, àwọn òbí sì rò pé àwọn aláṣẹ ló yàn án fúnra wọn.

Òjò dé, koríko sì ga nínú oko kajú. Níbẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ ti bu Raoudath, ọmọ Oumou-Kalsoum, jẹ lẹ́sẹ̀ lákòókò ìsinmi ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́. Alidou wà nítòsí. Òun ló gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sórí alùpùpù, tó gba inú ẹrẹ̀ sáré lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

"Tonton, mi ò lọ ṣeré," ló ń sọ. "Ibi tí wọn ò ti ní rí mi ni mò ń wá."

Alidou túbọ̀ fi kún eré. Wọ́n dá ẹ̀mí ọmọ náà sí, ṣùgbọ́n oró ti ba ẹsẹ̀ jẹ́. Wọ́n gé e ní ọrùn ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, Oumou-Kalsoum ru iṣu wá, ó sì kúnlẹ̀. "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, òkú ni ǹ bá gbé bọ̀. Kí Allah san án fún yín." Ìyàwó Alidou gún iṣu náà, ṣùgbọ́n Alidou gbé tirẹ̀ fún aládùúgbò. Ní mọ́ṣáláṣí, lẹ́mọ̀ọ́mù gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá lù ú, ì bá sàn fún un ju àdúrà yẹn lọ. Bó bá dùbúlẹ̀, ohùn ọmọ náà ló ń gbọ́.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Alidou kò tó bẹ́ẹ̀ pẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá òtítọ́ lọ.

"Ìyá Raoudath," ló wí, "mo purọ́ fún yín. Mi ò dárúkọ ṣáláńgá ní Tchaourou. Géètì ni mo béèrè. Ojú ló tì mí."

Obìnrin náà ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó fa igi iná jáde.

"Ojú ti ẹ̀yin láti sọ ọ́," ló wí, "ojú sì ti ọmọ mi láti ṣe é nítòsí. Ẹ lọ sọ fún wọn. Èmi nìkan kọ́ ló rán yín."

Ó lọ sọ fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Kò sẹ́ni tó pariwo. Baba Àkàndé kàn ní, "Ẹni tí a fẹ̀yìn tì ló yẹ̀." Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán Oumou-Kalsoum sí Tchaourou. Wọ́n ṣèlérí ṣáláńgá fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, Alidou mú ọkọ́ wá. Wọ́n ní kó jókòó, àwọn tó.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ rán an mọ́, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ìkómọjáde. Raoudath nìkan ni kò yí padà. Láràárọ̀ ló ń fi ọ̀pá rìn kọjá níwájú ilé rẹ̀, tí yóò ní, "Tonton, ẹ káàárọ̀." Alidou a dáhùn, a sì kọjú sí ògiri títí ìró ọ̀pá náà yóò fi jìnnà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tí a bá rán láti sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹnu wọn ló gbé dání, kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí àìní ọmọ tó kéré tàbí tó rí ìdọ̀tí débi pé kó tini lójú láti sọ. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín lé ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́ nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn. Ẹ bá a lọ, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ ohun tó sọ, nítorí ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ bí kò ṣe yẹ lè tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àforíjì kì í hu ẹsẹ̀.