Agbẹ̀bí Tó Ń Ní Ká Dúró Níta

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ń bú Nọ́ọ̀sì Mubarakah nínú gúrúùpù yìí, ẹ gbọ́ tèmi.

Láàárọ̀ yìí, èmi àti ọmọ mi Máyọ̀wá tó lóyún jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń yẹ aláboyún wò.

Ọkùnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Òdógbolú.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta. Tẹnu ọmọ yín ni mo fẹ́ gbọ́."

"Èmi ni mo bí i. Kí ló fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀?"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ dúró níta."

Ọkùnrin náà wá jókòó tì mí. "Lọ́jọ́ ìkómọ náà, wọ́n á ní kí n dúró níta. Ta ló tiẹ̀ fa òfin yìí?"

Mo wo ilẹ̀kùn yàrá náà.

Lọ́dún tó kọjá, nínú yàrá yẹn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n Máyọ̀wá ga díẹ̀. Matilda lorúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé orí ń fọ́ ẹ? Ṣé ojú rẹ ń ṣe bàìbàì?"

Matilda wo ojú mi.

Mo ní, "Kò sóhun tó ń ṣe é. A kì í ṣọ̀lẹ nílé wa."

Matilda ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú un. Òun àti ọmọ inú rẹ̀ kò padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Máyọ̀wá sọ fún mi pé orí ti ń fọ́ Matilda fún ọ̀sẹ̀ kan.

Mo yíjú sí ọkùnrin ará Òdógbolú náà.

Mo ní, "Èmi ni mo fa òfin náà."