Imú Ló Kù

Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń wo bí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ère ni àbúrò ń mọ jẹun. Orí àwọn èèyàn tó ti mọ tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ti òní yìí kì í ṣe títà. Imú ló kù, ọmọ ẹ̀gbọ́n sì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti ilé ìyá ìyá rẹ̀, níbi tó ti wà láti ìgbà òjò.

Eruku pọ̀ nínú yàrá náà. Ìborùn ẹ̀gbọ́n bò ó lójú dé abẹ́ ẹyinjú. Lára ògiri, ìṣó tí wọ́n gbé dígí kọ́ tẹ́lẹ̀ kò gbé nǹkan kan mọ́.

"Ṣé o ò tíì rò ó tán ni?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..."

"Má pòwe fún mi. Tí kò bá parí, ẹnu ọ̀nà ni màmá ti máa dá ọmọ padà. Mo ti sọ fún wọn."

Àbúrò mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Imú tó kọ́kọ́ ṣe ṣì wà lórí tábìlì. Ó pẹ́ tó ti ń ro ìyẹn kó tó fọwọ́ kan amọ̀. Ó wo fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n títí, ó yà á sórí bébà, ó wọ̀n ọ́n. Ó gún régé. Ẹ̀gbọ́n yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e kalẹ̀.

"Eléyìí rẹwà ju tèmi lọ. Ọmọ á bèèrè pé ta nìyí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fara balẹ̀ rò ó."

"Mo ní kó o rò ó. Mi ò ní kó o bá Ọlọ́run tún un ṣe."

Àbúrò dojú fọ́tò délẹ̀. Ó bu amọ̀ mìíràn, ó dijú. Ní kékeré, orí ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn, òun a sì máa fún ẹ̀gbọ́n nímú kó má baà hanrun mọ́. Ó fún amọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yà sósì díẹ̀, ó tẹ òkè rẹ̀ wọlé, ihò kan fẹ̀ ju èkejì lọ.

"Kí lo ń dijú ṣe?"

"Ẹ dákẹ́ ná, Àǹtí. Ọwọ́ mi mọ ohun tí orí mi ò mọ̀."

Ó da símẹ́ǹtì funfun bo amọ̀ náà, nígbà tó le, ó yọ amọ̀ kúrò, ó da rọ́bà olómi sínú ojú imú tó kù. Nígbà tó gbẹ, ó po ọ̀dà, ó gbé e sún mọ́ iwájú orí ẹ̀gbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kó lè bá àwọ̀ ara rẹ̀ mu, ó tún ọ̀dà pò, ó fi kun imú náà.

Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó ń fi ìka pa á lára.

"Òun nìyí."

Wọ́n gbọ́ ohùn màmá nísàlẹ̀, tó ń kí aládùúgbò, àti ohùn ọmọ: "Màmá, ẹ jẹ́ ká gòkè, ó ti tó."

"Ṣé kí n ní kí wọ́n dúró ná?"

"Rárá. Ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n tú ìborùn, ó gbójú sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bọ́jú fún, àbúrò sì fi gọ́ọ̀mù lẹ imú náà síbi tí iná ti jó tirẹ̀ lọ.