Irùngbọ̀n Pásítọ̀

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu tísà bàọ́lọ́jì tí ìjọ kan ní Inísà pè wá ṣàlàyé ìlera, tí Pásítọ̀ fi já máìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tísà ní nǹkan kan lẹ̀ mọ́ DNA yín! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ẹ pàṣẹ kó tú!"

"Sà, ẹ dákun," ni tísà ń bẹ̀, "purotéènì lásán ni. Òun ló ń tan jíìnì bí ẹni tan iná. Òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ hu irùngbọ̀n. Àwọn ìyá náà ní jíìnì yẹn, kò kàn tan tiwọn ni."

"Tú!" ni ìjọ hó.

Irùngbọ̀n Pásítọ̀ já bọ́ sórí Bíbélì.

"Tísà," ohùn Pásítọ̀ ti rọ̀, "báwo la ṣe ń bẹ purotéènì náà?"

Ìwé kankan kò kọ́ tísà ní ìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ìjọ kúnlẹ̀ tẹ̀lé e.

"Purotéènì, bàbá wa, ẹ má bínú. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ẹ tan jíìnì yẹn fún gbogbo wa!"

"Àmín!"

Pásítọ̀ fọwọ́ pa àgbọ̀n: ó ṣì ń dán gbinrin. Tísà gbójú sókè. Gbogbo ìyá inú ẹgbẹ́ akọrin ló ń tú gèlè orí wọn, tí wọ́n ń fi wé àgbọ̀n.