Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Ká Mọ́ Ògiri

"Wọ́n ní ìyàwó ló pe gbẹ́nàgbẹ́nà... pé yàrá há... pé kí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ òun... Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi o!"

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbé pákó wọlé. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan àti kékeré kan ló kún yàrá náà bámúbámú. Ìyá arúgbó jókòó sórí kékeré, ó ń nujú.

"Gbé pákó ẹ padà," ni ọkọ wí. "Ẹni tó fẹ́ lé ìyá mi, mo ti lé òun náà láàárọ̀ yìí."

"Lé ìyá yín kẹ̀? Ọ̀gá, ohun tí ìyàwó yín sọ rèé: 'Ẹ bá mi sọ bẹ́ẹ̀dì tiwa di èyí tó ń ká mọ́ ògiri, kí Màmá lè máa ráyè na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.'"