Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Orin

Oṣù méjì lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ni opó náà gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá sí yàrá iṣẹ́ Elétíọfẹ. Iṣẹ́ Elétíọfẹ ni kó máa fọ ariwo kúrò nínú àwo orin kílásíkà àtijọ́. Olóògbé ló kọ́ ọ ní fayolíìnì nígbà kan, ìyẹn ló jẹ́ kí obìnrin náà máa pè é lọ́mọ.

"Ọmọ mi, èyí ni bàbá rẹ ta gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ nílé. Bá mi fọ ọ́. Òun nìkan ṣoṣo ló wà o."

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ, Mà?"

"Ariwo rẹ̀ pọ̀ jù fún etí arúgbó. Etí tìẹ ni eèrà ò lè rìn lórí ògiri kó má gbọ́."

Elétíọfẹ rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ gbé àwo àtijọ́ sí i fún un, orin kan náà, tí olóògbé gbà sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ olóògbé ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Obìnrin náà ń mi orí. Lẹ́yìn náà Elétíọfẹ gbé àwo tuntun sí i, ẹ̀dà àwo àtijọ́ yẹn tí òun fúnra rẹ̀ fọ lọ́dún tó kọjá. Ó mọ́ tónítóní. Èémí ẹni tó ń ta á kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá rẹ ní òkú tí wọ́n wẹ̀ ni eléyìí."

"Wọ́n sọ fún mi, Mà. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán."

"Ó ti tán," ni obìnrin náà wí, ó sì jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Elétíọfẹ fi ṣe iṣẹ́ náà. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí, ọwọ́ àgbà ni. Ó ń jẹ́ kí ohùn kan jókòó dáadáa kó tó pe èkejì. Omi bọ́ lójú Elétíọfẹ, kò sì nù ún. Ó yọ ariwo, ó fi èémí sílẹ̀. Nígbà tí orin parí, àpótí fayolíìnì pa dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ohun tó tẹ̀ lé e kò tó ìṣẹ́jú kan, kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí opó gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé e kúrò, ó sì pa ibẹ̀ rẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì gan-an.

Obìnrin náà padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ karùn-ún. Ó di ojú, ó gbọ́ orin náà látòkè délẹ̀.

"Ìkánjú ti kúrò lára wọn," ló wí. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn orin?"

"Kò sí, Mà. Téèpù ti gbó níbẹ̀."

"Rò ó dáadáa, ọmọ mi."

"Ariwo lásán ni, Mà."

"Ìwọ Elétíọfẹ?"

"Ó dá mi lójú."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀. Ọwọ́ náà tutù. Ó dìde lọ sí ojú fèrèsé, ó fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu géètì.

Kò sọ fún un pé ẹ̀dà ni òun gbé wá, pé àwọn méjì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti gba ẹ̀dà tiwọn, tí àwọn méjèèjì sì sáré pe òun lọ́jọ́ kan náà pé ọkùnrin kan wọlé wá bá ọkọ òun jà lẹ́yìn orin, ohùn rẹ̀ ni kò kàn já gaara, àti pé àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú ọkọ̀ níta ló ní kí òun gbé e fún ẹni kan ṣoṣo tó lè rí ìdí láti pa á rẹ́.