Ẹ̀wù Òtútù tí Wọ́n Hun fún Bámigbélé

Mo ṣì ń gbọ̀n. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá ń sáré, mi ò sì lè gbóhùn sókè. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ dáadáa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Ní Ìsẹ́yìn níbí, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdìgún. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àdìgún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lára àwọn tí ìjọba kó lọ ru ẹrù ogun lọ́nà Kamẹrúùnù. Láti ìgbà yẹn, Ìyá Àdìgún àti ajá rẹ̀ nìkan làwọn èèyàn ń rí. Bámigbélé lorúkọ ajá ọ̀hún. Ajá pupa ni, ó ti darúgbó, kì í gbó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Láràárọ̀ làwọn ará agboolé ń gbọ́ ọ láti yàrá ẹ̀yìn tó ń kó àgbàdo sí, níbi tí ajá ń sùn. Ìyá Àdìgún ní òtútù ló mú ajá òun, pé òun máa hun ẹ̀wù òtútù fún un.

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù, fún ajá! Ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan tó bá fọṣọ rí ní Ṣakí ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Kò lo òfì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Á fi fa òwú látinú ojú kan bọ́ sínú òmíràn, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ràmọ́nì ahunṣọ, tí òfì rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ló ń fún un ní òwú tó ṣẹ́kù.

"Ìyá Àdìgún, òwú tún ti tán? Ajá lẹ̀ ń hun ẹ̀wù fún àbí màlúù?"

"Ràmọ́nì, fún mi lówùú jàre."

"Apá tẹ́ ẹ hun yìí ńkọ́? Ẹsẹ̀ ajá wo ló gùn tó báyìí?"

"Màá ká a sókè."

Ràmọ́nì na apá ẹ̀wù náà, ó wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wọlé, ó tún kó òwú wá fún un.

Ẹni tí kò gba ti ikọ́ yẹn rárá ni Mákindé, àkódà kóòtù. Ògiri kan ló là wọ́n.

"Ìyá, ajá yín fẹ́ di dìgbòlugi. Ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló wà nílé mi."

"Òtútù ni, Àkódà. Ẹ ṣáà jẹ́ n parí ẹ̀wù ẹ̀."

"Ẹ ò rí ọmọ hun ẹ̀wù fún, ajá lẹ wá ń hun ún fún. Ọmọ tó sá mọ́ ìjọba lọ́wọ́ lọ́nà Ìlọrin! Ọjọ́ tọ́wọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́, èmi fúnra mi ni màá dè é." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí n bá tún gbọ́ ikọ́ yẹn, kùmọ̀ ni màá fi pa ajá yẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìyá Àdìgún ò fi lọ oko. Ẹ̀wù nìkan ló ń hun. Tó bá gbé ọkà ajá wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Rọra. Má wúkọ́. Ó ti ń tán lọ." Wọ́n ní àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ti ń dà á lórí rú. Kò sẹ́ni tó ń yà wò ó mọ́.

Òní ni Jímọ̀. Láàárọ̀ ló parí ọrùn ẹ̀wù náà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Mákindé dé tòun ti kùmọ̀, ó dúró síta. Ràmọ́nì fi òfì sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àdìgún kúnlẹ̀ nínú ilé, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó ń wọ ẹ̀wù fún ajá. Ó ká apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bámigbélé ń lá a lọ́wọ́.

"Ara ẹ̀ ti yá," ó wí. "Kò wúkọ́ látàárọ̀."

"Ẹ mú un jáde ká rí ọkọ ìyàwó," Mákindé fèsì láti ìta.

Ikọ́ náà dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbi tí Mákindé wà, kò lè rí ajá náà. Ràmọ́nì rí i. Ó wo ẹnu ajá, ó wo Ìyá Àdìgún, ó wolẹ̀.

"Ràmọ́nì, ṣé ajá yẹn nìyẹn?"

Mákindé gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

"Òun ni," Ìyá Àdìgún wí. "Ẹ má wulẹ̀ wọlé. Màá mú un wá bá yín."

Ó bọ́ ẹ̀wù náà kúrò lọ́rùn ajá, ó so okùn mọ́ ọn, ó fi okùn lé Mákindé lọ́wọ́. Ajá náà ń jùrù, ó tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn agboolé. Kùmọ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì. Ràmọ́nì padà sídìí òfì rẹ̀. Ó ń lù ú kíkankíkan, kò tíì dá a dúró di ìsinsìnyí.

Ìyá mi wọ yàrá ẹ̀yìn wá bá mi láàárín àgbàdo, ó fi ẹ̀wù náà wọ̀ mí, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi gẹ́lẹ́, ó sì jáde, àmọ́ ọ̀fun ti tún ń yún mi, kò sì sí ajá nínú ilé mọ́, ni mo bá fi ìdábùú ti ilẹ̀kùn, mo jókòó.