Ọjọ́ Tí Susannah Gbà Fún Àìṣát

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì ni wọ́n ń retí Àìṣát ní iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìkirè. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ léèsì, ó ti wé gèlè tán, nígbà tí Susannah gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, tó sì jókòó lé e.

Ará Àpòmù ni àwọn méjèèjì. Aránṣọ ni wọ́n, ògiri kan ló pín ṣọ́ọ̀bù wọn. Ohun tó ń pa wọ́n pọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ ni eré aláwàdà kan tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, "Ẹ Dúró Ní Ibodè". Nínú eré náà, àwọn tó kú kì í kàn ṣàdédé wọ ọ̀run. Wọ́n á kọ́kọ́ kó wọn sínú ilé kan ní ibodè, kí wọ́n lọ kọ́ ìwà. Madam Jọláadé, olówó Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Lámídì tó ń lẹ táyà wà níbẹ̀. Madam ti ń yí padà, àwọn áńgẹ́lì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Lámídì ṣì ń purọ́, wọ́n ń dá a padà sẹ́yìn.

Susannah ní ẹni tó bá yí padà ti yí padà, olówó ni o, tálákà ni o. Àìṣát ní irọ́ ni. Ìjà tí wọ́n ń jà lórí ẹ̀ ni Àbídì, ọmọ Àìṣát, fi fóònù ká sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí rédíò. Àwọn ará ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí ìyá tó ń bínú yẹn máa bọ̀. Wọn ò pe Susannah.

"Dìde, jẹ́ n kọjá," Àìṣát ní. "Ọlọ́kadà mi ti fẹ́ dé."

"Ó ti dé. Mo ní kó máa lọ."

"O ní kó ṣe kí ni?"

"Jókòó ná, Àìṣát. Kọ́kọ́ sọ ohun tó o fẹ́ lọ sọ fún mi, kó o má lọ gbàgbé."

Àìṣát wò ó. Látìgbà tí wọ́n ti mọra, Ìyá Àbídì ni Susannah máa ń pè é.

"Àìṣát? Torí pé rédíò pè mí? Ṣé a jọ lọ ilé-kéú ni, ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí?"

"Má bínú."

Àìṣát fi ìdí lé etí àga mìíràn. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò láti ìjẹta, kò lè gbé e mì.

"Madam tí wọ́n ń yìn yẹn, nígbà tó wà láyé, ẹlòmíì ló ń se oúnjẹ ẹ̀, ẹlòmíì ló ń fọ aṣọ ẹ̀. Ẹni tó yó, tó sun oorun ọ̀sán, kí ló fẹ́ ṣe é tí kò fi ní ní sùúrù? Lámídì sọ fún oníbàárà pé ojú méjì ni táyà ti jò, ojú kan ṣoṣo ló ti jò. Ebi ló pa irọ́ yẹn! Bí olówó bá ní sùúrù, wọ́n á sọ pé ìwà rere ni. Bí tálákà bá ní in, wọ́n á ní kò rí nǹkan ṣe ni."

"Òótọ́ lo sọ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní òótọ́ ni. O borí."

"Lánàá ńkọ́, tó o pè mí ní onílara olówó? Ta ló ní kó o gbà? Ta ni n ó wá bá jà báyìí?"

Gàrúbà, ọkọ Àìṣát, wọlé láti oko. Oòrùn kò tíì rẹlẹ̀, kò sì gbé àdá dání. Susannah yà fún un, ó sì tún jókòó padà.

"Bàbá Àbídì, ẹ bá mi lé obìnrin yìí kúrò lẹ́nu ọ̀nà!"

"Ohun tó bá ní kó o ṣe ni kó o ṣe," Gàrúbà ní. Ó gba inú ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.

Àìṣát na ọwọ́ sí rédíò. Susannah ti yọ bátìrì inú ẹ̀.

"Orí ń fọ́ mi," ó ní.

"Fóònù mi tó o yá láàárọ̀ dà? Mo fẹ́ pe Àbídì. Ó ní òun àtàwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ òun á jókòó ti rédíò ní gáréèjì Ifẹ̀."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa."

"Ìlara!" Àìṣát pariwo. "Ìlara ló ń pa ẹ́, Susannah! Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹnì kan máa bi mí ní èrò mi láyé mi, ìwọ lo di ògiri sẹ́nu ọ̀nà! Lọ́jọ́ tó o bá kú, ẹ̀yìn Lámídì ni wọ́n á tò ẹ́ sí ní ibodè yẹn!"

Susannah fi etí ìró nu ojú.

"Kí wọ́n tò mí síbẹ̀," ó ní. Kò dìde.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàrúbù, ètò orí rédíò ti parí. Àìṣát tú gèlè, ó jù ú sílẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń dúró níta, ní méjì-méjì.

"Ẹ wá wò mí, àbí?" Àìṣát ké sí wọn. "Mi ò lọ mọ́! Ọ̀rẹ́ mi ò jẹ́ n lọ! Inú ẹ̀ ti dùn!"

Ààfáà àdúgbò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, Susannah dìde fún un, ó lọ fi apá méjèèjì gbá Àìṣát mú látẹ̀yìn, Ààfáà sì ní, "Ọlọ́run tó fún ọ ní Àbídì ti gbà á láàárọ̀ yìí, lójú ọ̀nà Wásinmi."